Ẹ̀rọ Ọkàn Tó Ń Dúró De Ọnọ́rébù

Bàbá Moyin ṣaláìsí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tún iná ṣe láti ìgbà àpọ́n wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so wáyà kan tó já ni. Ẹ̀rọ gbéra, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, Bàbá Moyin rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rọra jókòó bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Tẹ́sítà tí wọ́n fi ń dán iná wò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò dìde mọ́.

Wọ́n ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ọkàn tó ṣiṣẹ́ láìgba ìsinmi láti inú oyún, ta ló mú un bínú?

Ọlọ́runníyì Àjíṣọlá ni orúkọ wọn, àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Nígbà tí mo ti ìlú òyìnbó dé, tí mo ní kí wọ́n máa bá mi sọ Yorùbá nìkan, wọ́n ní, “Ó dáa. Gẹ̀ẹ́sì kan, súyà kan.” Súyà tí mo rà lọ́dún yẹn, bí ẹ bá kó o jọ, ó tó màlúù kan ní ọjà ẹran Oko Ọba. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ń bẹ̀ mí pé kí n má tètè gbọ́ Yorùbá.

Ìgbà tó yá, ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójijì, á dákẹ́ díẹ̀, á tún sáré. Àǹtí Rachael, ìyàwó wọn tó ń ránṣọ nílé ní Ìfàkò-Ìjàyè, wọ́ wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Dókítà Olúwafúnkẹ́mi ṣàlàyé fún wa pé iná ló ń mú ọkàn lù. Iná kékeré kan máa ń ti òkè ọkàn gbéra, á gba ọ̀nà tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ibi tó bá sì dé ni ọkàn á ti sún kì. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń so wáyà rẹ̀ mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí á ya ìrìn iná náà sórí bébà bí òkè àti ilẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á rí ibi tí iná ti ń ṣìnà.

Inú Bàbá Moyin dùn bí ẹni tó rí mọ̀lẹ́bí. “Dókítà, ẹ ní mo níná nínú láti ọjọ́ yìí, tí mo wá ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀?”

“Iná tiyín ń ṣẹ́jú ni, sà. Ó yẹ ká yà á wò.”

“Ẹ yà á nígbà náà.”

“A ò tíì lè lo ẹ̀rọ náà, sà.”

“Ó ti bàjẹ́?”

“Tuntun ni.”

“Kò síná?”

“Iná wà.” Dókítà wolẹ̀. “Ọnọ́rébù ò tíì wá ṣí i.”

Ẹ̀yin ará ilé ò ní ṣe hà. Èmi àlejò ni mo ṣe hà. Ọnọ́rébù kan ló fi ẹ̀rọ náà ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ. Títí dìgbà tí yóò fi gé ríbọ́nì pupa ẹnu ilẹ̀kùn, tí wọn yóò sì yà á ní fọ́tò, aláìsàn kankan ò gbọdọ̀ fara kàn án. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe kànga, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe ṣáláńgá, ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n á dúró de ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Bàbá Moyin yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí ẹ̀rọ náà nínú ọ̀rá rẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyàwó tuntun nìyí. Wọ́n ti daṣọ bò ó lójú, ọkọ ò wá.”

Ọkọ ò wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wọ́n to àga, wọ́n ta kánópì. Ọnọ́rébù ní àlejò ní Ìkẹjà GRA, ó wá fi agboòrùn tí wọ́n ya ojú rẹ̀ sí ránṣẹ́. A gba ọ̀kan. Kò ya ọkàn ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù. Kí ọjọ́ ayẹyẹ yẹn tó pé, sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá náà bàjẹ́. Ta ni wọ́n pè? Bàbá Moyin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ríbọ́nì wọlé, kí wọ́n má bàa já ohun Ọnọ́rébù. Wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fi tẹ́sítà kàn án, iná wà. Ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wà, mátírọ́nì ilé ìwòsàn sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Mátírọ́nì, mo ti wà nínú. Ẹ so mí mọ́ ọn, kí n máa lọ.”

“Bàbá Moyin, ẹ fẹ́ kí wọ́n torí yín gbé mi lọ ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́?”

“Ẹ̀pẹ́ dáa. Ẹja wà níbẹ̀.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ jáde.

Mo bi Dókítà Olúwafúnkẹ́mi bóyá ẹ̀rọ náà ì bá gbà wọ́n là. Ó ní, “Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti mọ ohun tí mò ń bá jà.” Ìmọ̀ yẹn náà ni ríbọ́nì dì pa.

Ọnọ́rébù ti gbé bánà ìbánikẹ́dùn wá sí ojúlé wa. Àwòrán tirẹ̀ tóbi ju ti olóògbé lọ. Ẹ ṣeun, sà, ẹ tún yọ dáadáa nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n a ò béèrè bánà. Ẹni tó pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn máa dúró de fọ́tò, kó jáde wá jẹ́ orúkọ rẹ̀ lójú Moyinolúwa, ọmọ tí kò ní bàbá mọ́. Bí Ọnọ́rébù ló pàṣẹ, kó wí. Bí ọ̀gá ilé ìwòsàn ló bẹ̀rù tó fi dá a ṣe, kó wí. Mátírọ́nì, ẹ̀yin náà ẹ wí. Ẹ̀rù Ẹ̀pẹ́ ò tó ẹ̀rù Ọlọ́run.

Kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn náà ní ọjọ́ Ajé. Àwọn tí iná ọkàn wọn ń ṣẹ́jú ṣì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo rí wọn lánàá. Bó bá jẹ́ àlùmọ́gàjí tí yóò fi gé ríbọ́nì ni Ọnọ́rébù ò rí, ti Àǹtí Rachael wà. Aṣọ òkú ọkọ wọn ni wọ́n fi gé kẹ́yìn. Wọ́n ti pọ́n ọn, wọ́n sì ní àwọn mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn náà.