Bàbá Oyè àti Ìkànnì Tó Ń Gba Ìkíni

Ọjọ́ tí tìràńsífọ́mà àdúgbò gbiná ní Àgídìngbì ni òkìkí Bàbá Oyè kàn dé Ọgbà. Iná ń ta pàrà bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, gbogbo ènìyàn ń wá nọ́ńbà àwọn panápaná, wọ́n sì mọ̀ pé ó wà lórí ìkànnì ẹgbẹ́ onílé tí Bàbá Oyè ń bójú tó. Ọ̀gbẹ́ni Làsísì, alága ẹgbẹ́, yára ṣí i lórí fóònù. Ìkànnì náà ní: "Ẹ káàsán o. Ṣé àlàáfíà ni?" Ó fi àyè sílẹ̀ fún èsì, kò sì ṣílẹ̀kùn.

Alága kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Iná!"

Ìkànnì dá a lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kí wa ná."

"Bàbá Oyè! Ẹ wá ṣí nǹkan yìí o!"

Bàbá Oyè ń bọ̀ tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé garawa yanrìn lọ́wọ́. "Alága, ta ló ń wọ ilé onílé láì kí i? Ẹ kọ 'Ẹ káàsán' síbẹ̀. Ṣé ó wúwo ni?"

Làsísì kọ ọ́, ilẹ̀kùn ṣí, panápaná dé. Tìràńsífọ́mà ti jóná ráúráú. Bàbá Oyè wo eérú rẹ̀, ó ní: "Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n a kò yájú sí ẹnikẹ́ni."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwòrán ìkíni yẹn ti ń kiri orí fóònù kárí Ìkẹjà. Oyèbọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun ọ̀sán, nígbà tí Daniel tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Níbẹ̀, Ruth, orúkọ ìsàmì rẹ̀, ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

"Ruth, ṣebí Àgídìngbì lò ń gbé? Ta ni bàbá yìí? Wọ́n ní Bàbá Oyè lorúkọ ẹ̀."

Gbogbo ọ́fíìsì ń rẹ́rìn-ín. Ojú ti Oyèbọ́lá débi pé etí rẹ̀ gbóná. "Èmi ò mọ̀ ọ́n o," ló sọ. Ó dé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ padà.

Bẹ́ẹ̀, bàbá náà kò ṣe é fi pamọ́. Ọmọ Èkìtì ni, iléeṣẹ́ omi ló ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní àwọn fẹ́ ìkànnì, ó lọ mú sọ́fíwià tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé jọ ń kọ, tí wọ́n sì ń fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ bẹ̀rù pé ohun ọ̀fẹ́ kì í tọ́jọ́.

"Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe," ni Bàbá wí. "Ẹnì kan kọ ebè, ẹnì kejì tu koríko, oko di ti gbogbo yín. Kí ló ń bà yín lẹ́rù níbẹ̀? Epo jẹnẹrétọ̀ mi ni kọ̀ǹpútà yóò máa jó, kì í ṣe tiyín."

Nítorí pé ọ̀wẹ̀ ni, nígbà tí bọ́tìnì kan kò ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré, Bàbá kọ̀wé sí àwọn olóko. Ó kí wọn kú òtútù, ó béèrè àwọn ọmọ, ó ṣàdúrà pé kí ọwọ́ wọn má rọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti wá dárúkọ bọ́tìnì. Ọmọkùnrin kan láti Jámánì fèsì: "Ẹ ṣé. A ti tún un ṣe." Bọ́tìnì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú bí Bàbá títí ilẹ̀ fi ṣú. "Gbólóhùn méjì péré! Kò tilẹ̀ béèrè ìyá Oyè!"

Ti àwọn ará Rọ́ṣíà ló pa Oyèbọ́lá lára jù. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ tó ń polówó oògùn tó ń dín ìsanra kù ló ń da ọ̀rọ̀ sábẹ́ gbogbo ohun tí Bàbá bá kọ: iṣẹ́ yín dára, a ó tún padà wá. Bàbá ń fi àdúrà dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún dìde ní ìpàdé: "Àwọn àlejò wa láti Rọ́ṣíà ní ká kí yín o!" Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Oyèbọ́lá sì ń wo ilẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọjú sí i. "Bàbá mi, ẹ̀rọ ni wọ́n. Kì í ṣe ènìyàn rárá. Ẹ ń dójú tì wá."

Bàbá yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ̀rọ náà kí mi láàárọ̀ yìí. Ìwọ ńkọ́?"

Nígbà tó yá, ojú orun ni Bàbá Oyè kú sí. Nígbà tí ìsìnkú parí, ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Làsísì ní kí àwọn pa ìkànnì àtijọ́ rẹ́, kí iléeṣẹ́ kan wá ṣe èyí tó bá ìgbà mu. Páswọ́ọ̀dù nìkan ló kù, ọwọ́ Oyèbọ́lá ló sì wà. Ó ti ṣe tán láti fà á lé wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ìkànnì náà bá pa rẹ́, kò sẹ́ni tí yóò tún fi rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí iléeṣẹ́ náà rán wá bá wọlé. Daniel ni. Ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.

"Ha, Ruth! Kí lò ń ṣe níbí?"

"Ọmọ olóògbé nìyẹn," ni Làsísì wí. "Ọmọ Bàbá Oyè."

Ẹnu ya Daniel. Kò tilẹ̀ ní ìkà nínú. "Ruth, ṣebí o ní o ò mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí ọmọ olóògbé. Oyèbọ́lá wá ilẹ̀ tí yóò gbé e mì, kò rí. Àfi bí Ìyá Peace, tó ń yan búrẹ́dì ní ìkóríta, ṣe fẹ̀yìn ti àga, tó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ yẹn náà lẹ gbé wá? Bàbá ti gbọ́ ọ tipẹ́. Ẹnì kan láti ọ́fíìsì yín ló wá ra búrẹ́dì, ó ń rojọ́ pé Ruth ní òun ò mọ bàbá yẹn, kò mọ̀ pé Bàbá ni wọ́n jókòó tì mí."

"Kí ni wọ́n sọ, mà?" ni Oyèbọ́lá béèrè.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní, 'Ìyá Peace, ọmọ mi gbọ́n. Bó bá ní òun mọ̀ mí, gbogbo kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ilé mi ni wọn ó kó o wá.'"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Peace kò bá wọn rín in pẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀ mí pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kóo mọ̀ pé àwọn gbọ́. Wọ́n ní ojú á tì ọ́."

Oyèbọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dìde.

"Daniel," ló wí, "bàbá mi ni." Ó yíjú sí alága, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. N kò ní lè fún yín ní páswọ́ọ̀dù náà. Èmi ni n ó máa ṣe é."

"Ṣé o mọwọ́ rẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ìkànnì ní ohun tuntun kan wà tí òun fẹ́ gbà wọlé. Oyèbọ́lá tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ojú ìkànnì náà sì funfun báláú.

"Ó ti pa á!" ni Làsísì ké.

Daniel fẹ́ sáré wá. Ìyá Peace fà á láṣọ. "Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ kó wá a rí." Òun náà fa àga tirẹ̀ sún mọ́ Oyèbọ́lá. Ẹlòmíì sún mọ́ wọn, títí wọ́n fi yí i ká, tí ẹni tí kò tan kọ̀ǹpútà rí láyé ń nàka sí ibi tó yẹ kó tẹ̀. Oyèbọ́lá ń ka ìtọ́ni tí àwọn olóko kọ sílẹ̀, ó ń nu ojú, ó ń kàwé.

Alága tó fẹ́ pa ìkànnì rẹ́ ló wá ń béèrè ju gbogbo wọn lọ.

"Ó ti padà?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

Kò sẹ́ni tó dìde láti lọ sílé.