Bí Wọ́n Ṣe Pín Àmì-Ẹ̀yẹ Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn oògùn tí àwọn ṣọ́jà fi ń nu idẹ ni mo fi ń mọ ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòtún. Ó máa ń ta síni nímú bíi kẹrosíìnì tí wọ́n po ẹfun mọ́. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún, kí ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tó pé, yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àkísà funfun, yóò máa nu àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi náà á sì jókòó tì í. Bí ó ṣe rí fún àwa méjèèjì nìyí. Owó oṣù ṣọ́jà rẹ̀ ni mo fi lọ sí yunifásítì. Nígbà tí òun ń sùn nínú kòtò lójú ogun, èmi ń ka ìtàn ogun àwọn ẹlòmíràn nínú ìwé.

Mẹ́rin ni wọ́n. Télọ̀ kan nínú bárékè ló bá a rán wọn mọ́ ọ̀pá idẹ pẹlẹbẹ kan tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Rìbọ́ọ̀nù ọ̀kan gun ẹ̀gbẹ́ èkejì díẹ̀, bíi páànù òrùlé, télọ̀ náà sì rán ìsàlẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó bá ń yan. Èyí tí ipò rẹ̀ ga jù wà nítòsí bọ́tìnnì; ti Lẹ́bánónì, níbi tí wọ́n rán wọn lọ láti ṣọ́ àlàáfíà, ló kángun sí apá. "Ẹni tó jà ló ń fi í sí àyà òsì," ó máa ń wí. "Tí mo bá kú, ọmọ mi á fi í sí ọ̀tún."

Ó kú lóòótọ́. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, ìdílé jókòó ní pálọ̀ láti pín ogún. Àwọn ọmọ ìyálé àti àwọn ọmọ ìyàwó kò fẹ́ràn ara wọn rí. Ikú bàbá wọn kàn gbé ìkórìíra náà jáde síta ni. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín gbogbo nǹkan, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan: ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀, yàrá, agbádá, títí dé búlọ́ọ̀kù tó kù lẹ́yìn ilé. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àkọ́bí ìyàwó, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, na ọwọ́ sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé àwọn àmì-ẹ̀yẹ náà kalẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Dáwódù, ọmọkùnrin tí ìyálé kọ́kọ́ bí, rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Kí ni obìnrin fẹ́ fi mẹ́dàlì ṣe?"

"Ohun tí ìwọ náà fẹ́ fi ṣe ni. Ìwọ tó o máa ń sá fún ọlọ́pàá títì, ta lo bá jagun rí?"

Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní nǹkan kan ṣoṣo ni, pé kì í ṣe mẹ́rin.

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé yín dà wá láàmú," Dáwódù dá mi lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ jẹ bàbá wa nígbà tó wà láyé. Ẹ jẹ́ ká jẹ àjẹkù jàre."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ìyálé gbé orí sókè. "Èmi ni mo lóyún nígbà ogun, tí mo ń jí lójoojúmọ́ bí opó. Ti ogun, tèmi ni."

"Ẹ máa gbé e lọ, ìyálé mi," ìyàwó fèsì. "Ẹ ṣá fún mi ní ti Lẹ́bánónì. Ìgbà tó tibẹ̀ dé ló tó mọ̀ pé òun nílò ìyàwó."

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ mi? Dáwódù ti mú bíléèdì. Ó gé òwú náà bí ẹni ń gé okùn ọrùn ẹran, ó mú méjì, ó ju méjì sí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin náà. Ọ̀pá idẹ náà bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Oṣù kìn-ín-ní tó tẹ̀lé e, mo lọ sí pápá ilé-ìwé kan ní Ìgàndó, níbi tí àwọn ṣọ́jà àtijọ́ àdúgbò wa ti ń péjọ. Àṣà wọn ni pé alága, láìwo ìwé, á pe orúkọ àwọn tó ti kú, bí wọ́n ṣe kú tẹ̀léra. Ọmọ olóògbé tó fi àmì-ẹ̀yẹ bàbá rẹ̀ sáyà á jáde, á sì dáhùn pé, "Ó wà níbí."

Dáwódù dé pẹ̀lú méjì tirẹ̀ ní àyà òsì.

"Ìwọ yìí," ṣọ́jà àgbà kan pariwo, "ogun wo lo jà?"

"Ogun ráńdàbáòtù Ìkòtún ni!" ẹnì kan dáhùn fún un. "Kóńdó ni wọ́n lò!"

Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi tú u, tó fi í sí ọ̀tún. Ibẹ̀ náà ni arábìnrin rẹ̀ ti yọ lódìkejì pápá, méjì tirẹ̀ lára híjáàbù, òwú gígé ń mì lábẹ́ wọn.

Alága wò wọ́n. "Bàbá méjì lẹ ní ni?"

"Rárá, sà."

"Òkú kan, ìdáhùn kan. Ẹ kó o pọ̀ sáyà ẹnì kan báyìí, kí n lè pè é."

"Kó kó tiẹ̀ wá," Dáwódù ní.

"Kí òun kó tiẹ̀ wá," arábìnrin rẹ̀ ní. "Mo ti sin ìyá ẹ̀ tó."

Mo bẹ̀ wọ́n. Níwájú gbogbo èèyàn, díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kò tilẹ̀ wo ojú mi.

"Ó tán," alága wí. "Ìgbà tẹ́ ẹ bá so ó pọ̀, ẹ padà wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Mo mọ ibi tó yẹ kí ti ẹ̀gbọ́n mi wà. Alága kò tilẹ̀ dúró mí. Ó ti orúkọ kan bọ́ sórí òmíràn bí ẹni fo gọ́tà.

Mo ti jókòó níbi ìpín ogún púpọ̀ ní Alimọ́ṣọ́ yìí, mo sì ti rò pé ìrẹ́jẹ ló ń tú ìdílé ká. Kò sí ìrẹ́jẹ kankan nínú tiwa. Méjì sí méjì ni, ó dọ́gba rẹ́gí, ìdọ́gba yẹn gan-an ló sì gba orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ wa. Àwọn méjèèjì ṣì ń wá lọ́dọọdún. Ọ̀tún ni wọ́n ń fi í sí báyìí, wọ́n á dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á tẹ́tí, alága á sì fò ó. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ lábẹ́nu. Ṣùgbọ́n àbúrò ni mí, n kì í ṣe ọmọ. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n dáhùn.