Omi Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Ìyá mi àgbà kì í gbé ẹ̀wà ọ̀ọ̀lẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ. Ó ní ata ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀, àti pé bí wọ́n fọ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀méje, ata àná kò ní kúrò lára rẹ̀. N kò tíì dán an wò, nítorí náà n kò gbà á gbọ́ pátápátá. Mo kàn kọ ọ́ sínú ìwé pélébé mi pé “Màmá sọ pé”. Bí mo ṣe ń kọ nǹkan nígbà náà nìyẹn: ohun tí mo fojú ara mi rí lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi lọ́tọ̀.

Ó ti lé ní ọdún kan tí mo parí àgùnbánirọ̀. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Ní Òṣogbo ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, mo sì ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fèsì sí. Láàárín lẹ́tà kan sí òmíràn, oúnjẹ ni mò ń kọ nípa rẹ̀. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ ní pàtó. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni nǹkan tó wà nílé tí mo lè wọ̀n.

Ìwé ìròyìn Yorùbá kékeré kan wà nígboro nígbà náà, yàrá méjì péré lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo ti gbé àpilẹ̀kọ méjì lọ síbẹ̀, olóòtú sì dá méjèèjì padà. Ó ní àkọ́kọ́ dà bí ìwáàsù, ìkejì dà bí ìdánwò.

Lọ́jọ́ tó dá ìkejì padà, ó nawọ́ sí obìnrin tó ń bá wọn tẹ̀wé. “Ẹni yìí ló máa gbà ọ́ tàbí kó kọ̀ ọ́. Kọ oúnjẹ kan wá. Yóò sè é bí o ṣe kọ ọ́ gan-an, kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá jẹ ẹ́ tán, ojú ìwé kẹfà di tìrẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́, má wulẹ̀ padà wá.”

Obìnrin náà kò gbójú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀. “Ọ̀gá, àwọn ọmọ mi kì í ṣe ewúrẹ́ o.”

Mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi àgbà ti rẹ ẹ̀wà, ó ti bó o, ó sì ti kúnlẹ̀ ti ọlọ. Nígbà tó lọ̀ ọ́ tán, mo yọ ife ike tí mo ti fi bírò sàmì sí lára. Ó wò mí, ó wo ife.

“Ọkọ mi, ṣé oògùn lo fẹ́ pò ni?”

“Rárá o, Màmá. Mo fẹ́ mọ iye omi tí ẹ ń pò mọ́ ọn ni.”

“Iye tó bá gbà ni.”

“Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbà tó?”

Ó bù ú sókè, ó jẹ́ kó sọ̀ padà sínú abọ́. “Wò ó. Bó bá já bọ́ pọ̀ọ̀, ó ki jù. Bó bá ń sáré, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Kó máa fà sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ lọ.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ife mi sọ pé omi ife mẹ́rin ni. Nígbà tí mo padà dé Òṣogbo, mo fa igi lé ọ̀rọ̀ “ẹni tí kò fẹ́ lọ” yẹn. Ta ni yóò wọn ìyẹn? Mo kọ ife mẹ́rin, mo fi ife náà gan-an ránṣẹ́ pẹ̀lú àpilẹ̀kọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ife tòun tóbi ju tèmi lọ.

Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, n kò lè jókòó. Mo rìn dé ojú irin, mo padà. Mo ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi, n kò mọ ohun tí mo kà. Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ náà kí n tó gòkè.

Obìnrin náà ló pàdé mi lórí àtẹ̀gùn.

“Ẹ káàárọ̀ ma.”

“Káàárọ̀ kí ni? Ọmọ yunifásítì, omi ẹ̀wà lo ní kí n sè fún àwọn ọmọ mi. Ó ń yọ́ jáde nínú ewé títí ó fi kún ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé ṣé ẹ̀kọ tuntun ni.”

“Ife mẹ́rin lẹ lò, ma?”

“Mẹ́rin géérégé. Mo kà á sókè ketekete.”

Kò purọ́, èmi náà kò sì purọ́. Ohun tó dà mí láàmú nìyẹn. Ife kan náà ni. Ẹ̀wà funfun kan náà ni, kóńgò kan. Mo dúró níbẹ̀, mo ń yọ ohun tó lè fà á kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́kàn mi, títí mo fi béèrè ibi tó ti lọ̀ ọ́.

“Níbo ni wọ́n ti ń lọ ẹ̀wà? Ní ẹ̀rọ ni.”

N kì í bẹ èèyàn. Ẹnu mi ń wúwo bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká jọ lọ sí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sátidé, pé èmi ni n ó ra ẹ̀wà. Ó pòṣé. Ó ní kí n ra ewé pẹ̀lú.

Ọkùnrin tó ń bá wọn lọ nǹkan ní àdúgbò wọn da ẹ̀wà wa sẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi agolo kan tó ti dípẹtà bu omi lé e. Ó tún bù ú. Ó tún bù ú. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Mo pariwo kí ohùn mi lè borí ti ẹ̀rọ. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi agolo mélòó lẹ bù sí i?”

“Omi wo? N kò bu omi kankan.”

“Èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù yìí.”

“Ṣé omi lo ń pe ìyẹn? Ohun tó ń ti ẹ̀wà wọlé nìyẹn.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nílé rẹ̀, n kò yọ ife. Mo sọ fún un ohun tí ìyá mi àgbà sọ. Ó fi omi díẹ̀ sí i, ó bù ú sókè, ó jẹ́ kó sọ̀, ó tún fi díẹ̀ sí i. “Kò fẹ́ lọ mọ́,” ló sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ewé. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Wọ́n lá ewé.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin náà mú mi gòkè, ó gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ méjì ka orí tábìlì olóòtú, ó sì fi ìwé tí mo tún kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

“Ṣebí mo ní kó má padà wá?”

“Èmi ni mo mú un wá, ọ̀gá. Ẹ jẹun.”

Ó jẹ ọ̀kan. Ó fa bírò pupa yọ. Ó pa gbólóhùn mi àkọ́kọ́ rẹ́, ó pa ìkẹta rẹ́, ó dé ibi “ẹni tí kò fẹ́ lọ”, bírò náà sì dúró síbẹ̀. Mo ti ń to àlàyé jọ lọ́kàn mi, ohun tí mo rí àti ohun tí wọ́n sọ. Bírò náà kọjá. Ó na ìwé sí obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀ọ̀lẹ̀ kejì.

Mo dúró lẹ́yìn obìnrin náà bó ti ń tẹ̀ ẹ́, mò ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń já lu ìwé.

“Jókòó jàre,” ló sọ, “o ti dí ojú fèrèsé.”

Mo jókòó.