Eku Wọ Mọ́tò, Pákò Mi Jóná

Agolo ṣúgà kan, ogójì náírà ni lọ́jà Effurun kí ìjà tó dé. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín Warri, tí ọkọ̀ akẹ́rù kò wọlé mọ́, agolo kan náà di ọgọ́rùn-ún náírà, ẹni tó ń tà á á sì tún fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ kó má baà kún jù. Èmi kì í ṣe oníṣúgà o. Pákò ni mò ń tà. Eku ló sọ mí di oníṣúgà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Pákò Ìjẹ̀bú, èyí tó korò tó sì ń hó lẹ́nu, ni wọ́n ń gé ránṣẹ́ sí mi láti ilé nínú àpò tí wọ́n ti bu omi rin, torí pákò tó bá ti gbẹ, igi ìdáná ni. Ugborikoko ni mò ń gbé nígbà náà, nílé ìyá Urhobo kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ ká bára wa mu. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé, dókítà eyín kan ló gbà á. Yorùbá ni òun náà, ó ń kọ́ àwọn èèyàn níwèé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Kò wo eyín ẹnì kankan nínú ilé wa. Eyín eku ló ń wò.

Eku funfun ni wọ́n, ojú wọn pọ́n bí ojú ẹni tó fi ògógóró sùn. Á gún wọn lábẹ́rẹ́ oorun, á so òwú mọ́ eyín ẹ̀yìn wọn, á po ṣúgà sínú omi wọn, kí ìdọ̀tí lè jókòó síbẹ̀, kí erìgì wọn, ẹran tó di eyín mú, wú kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi oògùn tó ń dán wò ra erìgì àwọn kan. Àwọn yòókù kò ní í rí nǹkan kan gbà, kó lè mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Dókítà, ẹ wá àìsàn fún ẹni tí kò ṣàìsàn, ẹ tún ń wá oògùn rẹ̀ kiri. Ṣé ẹlẹ́nu rírùn ti tán ní Warri ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, èèyàn wo ló máa gbà kí n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí erìgì òun jẹrà? Ara eku la ti máa kọ́ ọ, ká tó lè wò ó fún èèyàn."

Olórí ire ni mí: ẹnu tèmi kì í dúró jẹ́ẹ́ débi tó máa rí òwú so mọ́ ọn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ẹnu àìfọ̀ kí àgbà. Láràárọ̀ ni dókítà yìí máa ń jáde wá bí odi, á mi orí sí mi, á nawọ́ sínú àtẹ mi, á ṣa èyí tó gún jù lọ. Ó di ìgbà tó bá rùn ún tó tutọ́ tán kó tó tẹ̀ ba: "Màmá, ẹ káàárọ̀." Kò san kọ́bọ̀ rí. Ìlérí ló fi ń san án. "Màmá, bí wàhálà bá dé, ẹrù yín ló máa kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn mọ́tò mi." Mo gbà á gbọ́. Ní Warri ìgbà yẹn, gbogbo wa la ti di báàgì kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì ní mọ́tò, ẹ̀ẹ̀mejì là ń kí i.

Wàhálà dé. Owó àjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mí ni, mo sì ti kó gbogbo rẹ̀ lé àpò pákò ńlá kan tó wọlé nígbà tí ìjà ku ọ̀la: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà géérégé. N kò ní owó míì lábẹ́ ọ̀run. Bí èéfín ṣe ń gòkè lápá ìgboro, mo gbé àpò mi sẹ́yìn mọ́tò dókítà, mo sáré wọlé lọ mú báàgì mi. Ìgbà tí n ó fi jáde, àpò mi ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àgò eku ló kún ẹ̀yìn mọ́tò. Àgò eku ló wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìjókòó iwájú, tó jẹ́ tèmi, àgò eku kan ló wà níbẹ̀, ó tún fi bẹ́líìtì dè é.

"Dókítà, níbo lèmi máa jókòó?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ọdún méjì iṣẹ́ mi nìyí. Bí àwọn tí mo fún lóògùn yìí bá kú, ó parí fún mi."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ́sẹ̀, Màmá."

Ó ti ṣáná sí mọ́tò kó tó na kọ́kọ́rọ́ sí mi lójú fèrèsé. "Àyè ò gba àwọn tí kò gba oògùn, wọ́n wà nínú yàrá. Ẹ bá mi máa fún wọn lóúnjẹ. Ṣúgà omi wọn wà nínú ike ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, kí nǹkan kan má fọ ẹnu wọn o! Bí ẹnu wọn bá mọ́, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn."

Ẹni tó bá ní kí onípákò ṣọ́ ẹnu tí a kò gbọdọ̀ fọ̀, ìwé ti pọ̀ jù lágbárí rẹ̀.

Mo ru àpò mi dé oríta. Kò sí ọkọ̀. Àwọn géńdé tó dínà níbẹ̀ já a gbà lórí mi, wọ́n jù ú sórí táyà tó ń jó. Pákò tútù, kò tètè jó, ńṣe ló ń rú èéfín sí wọn lójú. Ni ọ̀kan bá kọjú sí mi: "Mama, which kind wood be dis? E no dey catch fire!" Òun ló tún ń bínú sí mi! Ẹ̀rín ń pa mí, omi ń dà lójú mi.

Ìyá onílé wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo padà dé. "You no travel again?"

"Rat don take my seat."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Oya, make we roast the ones wey remain, chop am with starch."

Mo ní rárá. Eku tí a bá jẹ, ó ti tán. Èyí tí yóò máa jẹ dókítà lọ́kàn ni mò ń wá.

Ìdì pákò díẹ̀ ṣẹ́kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo gé lára rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú àgò, mo sì rẹ díẹ̀ sínú omi mímu wọn. Eku kì í rí igi kó má họ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má dáwọ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀, òwú já kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, erìgì wọn sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ti ọmọ tuntun. Ṣúgà wọn ńkọ́? Mo jókòó síwájú wọn, mo fi mu gàrí kí wọ́n lè rí i. Ìyókù, ìyá onílé ń pe oníbàárà wá, èmi ń wọ̀n ọ́n lágolo, lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún náírà, mo sì ń fi ọwọ́ nu orí rẹ̀.

Sójà dé, ọ̀nà là, dókítà padà. Àwọn kan lára àwọn eku tó wọ mọ́tò ti kú, ìyókù rù kan egungun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó jáde bí ìṣe rẹ̀, ó mi orí, ó nawọ́ sí ìwọ̀nba pákò tó kù lórí àtẹ. Mo fi aṣọ bò ó.

"Dókítà, ẹ san owó pákò mi tó jóná, ká parí ọ̀rọ̀."

Ó fi ẹnu àìfọ̀ dá mi lóhùn. "Ṣé èmi ni mo dá ìjà sílẹ̀? Màmá, igi lásán náà ni."

Ká ní ó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, bóyá ǹ bá ti sọ fún un kó tó ṣílẹ̀kùn. Mo kàn tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ó tan iná sẹ́nu eku kan, ó tan án sí ìkejì, ó tan án sí ìkẹta, ó wá rọra jókòó sílẹ̀.

"Àwọn tí mo fún lóògùn ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn tí n kò fún ní nǹkan kan ló sàn yìí. Màmá, kí lẹ fún wọn?"

"Ohun tí o fún mi lọ́jọ́ yẹn: òfo." Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìwọ".

Ó tọwọ́ bọ inú àgò, ó mú èérún pákò jáde. "Pákò! Ẹ ti ba ọdún méjì mi jẹ́! Àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún máa bẹ̀rẹ̀!"

"Igi lásán náà ni," ni mo wí.

"Ṣúgà mi ńkọ́?"

Ìyá onílé ló dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Doctor, war don chop am."

Ó kó jáde nílé wa láìdágbére, àgò òfìfo ló kún ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Àyè wà níwájú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ n kò ní ibi tí mò ń lọ. Mo tú owó ṣúgà sórí ẹní, mo yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pákò mi kúrò níbẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sílé fún àpò míì. Ohun tó ṣẹ́kù lórí ẹní, tí mo jẹ lérè lára dókítà eyín, ẹgbẹ̀ta náírà.