Ohun tí A Sin Sẹ́yìn Ilé

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi ní Ìlọrin, nọ́ọ̀sì jáde wá, ó gbé ike kan tí wọ́n dé pinpin lé mi lọ́wọ́. Ẹran jẹjẹrẹ tí wọ́n gé kúrò nínú ìfun ńlá rẹ̀ ló wà nínú omi oògùn níbẹ̀. Ó ní kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní lẹ́ẹ̀bù tó wà lódìkejì ọ̀nà, kí n má jẹ́ kó pẹ́.

Mo kọ́kọ́ pe bàbá mi ní Ìdòfin láti sọ fún un pé ìyá ti jí. Ẹnu mi ò sì lè dákẹ́, mo tún mẹ́nu ba ike náà.

“Ṣé ara rẹ̀ kọ́ ni? Ara Mùsùlùmí kì í ṣe nǹkan tí à á jù síbi tí a ò mọ̀. Gbé e bọ̀ ní ulé, ká sin ín.”

Mo ní wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni.

“Wọ́n ti gé e kúrò. Kí ni wọ́n tún ń wá nínú rẹ̀?”

Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama o. Tíṣà rere! Ó yẹ kí n lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ bá bàbá mi jiyàn. Ká sòótọ́, inú èmi náà dùn pé ohun burúkú yẹn ti kúrò lára ìyá mi, mi ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Mo gbé ike lé itan nínú mọ́tò títí dé Ìdòfin. Bàbá mi fi aṣọ funfun wé ohun inú rẹ̀, ó gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé fúnra rẹ̀, ó ṣe àdúà. Ara tù wá.

Ó lé lóṣù kan kí èmi àti ìyá mi tó padà lọ rí dókítà. Ó béèrè èsì àyẹ̀wò, mo sì sọ ohun tí a ṣe. Kò pariwo. Ì bá sàn kó jágbe mọ́ mi. Ó ṣàlàyé pé àwọn àmì kan wà nínú ẹran yẹn tí ojú lásán ò lè rí, àwọn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àrùn náà fẹ́ padà wá, àti irú oògùn tó lè kápá rẹ̀. Láìsí i, àfi kí àwọn máa fojú díwọ̀n.

“Bí a bá lọ hú u ńkọ́?” Èmi ni mo béèrè bẹ́ẹ̀.

Ó ní ó ti jẹrà.

Nígbà tí a jáde, ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú. “Má sọ fún bàbá rẹ. Ó rò pé oore ló ṣe mí.”

Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n rò pé ó lè ṣiṣẹ́. Àrùn náà padà, ó wọ inú ẹ̀dọ̀. Ìyá mi kú kí iṣu tuntun tó jáde. Ó dùn mí dé ọkàn, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, aládùúgbò wa kan wá kí bàbá mi. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó òun náà, ìfun náà ni. Bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ohun tí wọ́n bá gé, gbà á lọ́wọ́ wọn. Gbé e wá sí ulé, kí o sin ín bí a ti sin tiwa. Ó máa ń fọkàn ẹni balẹ̀.”

Ọkùnrin náà ń dúpẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n tẹ̀lé e jáde, kí n bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá mi ni yóò tẹ̀lé.

“Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀bù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ,” ni mo wí. “Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí ẹ tó tọrọ ìyókù láti sin.”

Bàbá mi yíjú sí mi. “Ṣé ó yẹ kí tiwa náà dé ibẹ̀ ni?”

“Ó yẹ bẹ́ẹ̀, bàbá.”

“Ìyá rẹ mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀.”

Ó fi ọwọ́ aládùúgbò wa sílẹ̀. “Ká ní ó dé ibẹ̀, ṣé yóò ṣì wà láàyè?”

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n pe dókítà, kí n bi í. Mo ní dókítà náà ò lè mọ̀, pé inú ohun tí a sin yẹn nìkan ni wọn ì bá ti rí i. Ó ṣì ń wo ẹnu mi, ó ń retí kí n dárúkọ ẹlòmíì tí a lè bi.