Imú Ìyá Mi Nínú Mọ́tò Tòkunbọ̀

Kí n tètè jẹ́wọ́: ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ẹnu mi sì máa ń yá jù mí lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pàdé ẹni tó ta tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ fún mi. Ó ń kó mọ́tò Japan tí wọ́n ti lò ní Amẹ́ríkà wọlé, ohùn rẹ̀ dùn tó bá ń ka Bíbélì, mo bá gbà á gbọ́ pátápátá. Họ́wù! Ta ló ń fi ohùn ra mọ́tò?

Ìyá mi ni mo torí ẹ̀ rà á. Ìbíadé ló ń gbé, ojú ń dà á láàmú, oṣooṣù ló sì gbọ́dọ̀ rí dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé kò gbọ́dọ̀ pa oṣù kankan jẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba tó kù nínú ìríran rẹ̀ máa lọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e, kò tíì jókòó tán tó fi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo ń gbọ́ òórùn odò nínú mọ́tò yìí."

Ẹja yíyan ni ìyá mi fi gbogbo ayé ẹ̀ tà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, òórùn ẹja ara yín lẹ ń gbọ́ o jàre."

Ó fa ìborùn ẹ̀ mọ́ra, ó kọjú sí fèrèsé.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí mọ́tò fi kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín igbó, lọ́jọ́ dókítà gan-an. Ọ̀kadà ni ìyá mi gùn padà sílé láìrí dókítà. Mẹkáníìkì ká kápẹ́ẹ̀tì, ó bá iyanrìn àti ẹrẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ ẹ̀, gbogbo wáyà ti dípẹtà. Ó ní omi ti bo mọ́tò náà rí lókè òkun. Nígbà tí mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní kí ló dé tí n ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó rà á. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè fi ìnàró rí i. Àgbà tèmi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Imú ló fi rí tiẹ̀.

Ó sọ fún mi pé, "Tó o bá máa ra òmíràn, mú mi dání. Mi ò wọ èyí tó o bá dá rà."

Wọ́n júwe Alhaji kan tó ń ta tòkunbọ̀ fún wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àbúrò rẹ̀ la bá níbi tí wọ́n to mọ́tò sí. Ó ṣílẹ̀kùn aláwọ̀ eérú kan fún wa, pàfíùmù sọ lù wá. Ìyá mi ki orí bọ inú ẹ̀.

"Omi ti wọ èyí."

Àbúrò Alhaji rẹ́rìn-ín. "Ìyá, pàfíùmù lẹ ń gbọ́ un."

"Lábẹ́ pàfíùmù ni mo wí."

Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Ẹ̀rín tèmi ọjọ́sí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń rín. Mo ti fẹ́ fi ẹnu mi já wọn sí wẹ́wẹ́ nígbà tí Alhaji dé láti ibi ìrun, tòun ti tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ fún un.

Ó ní, "Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

Àbúrò ẹ̀ ní, "Níwájú àwọn oníbàárà?"

"Níwájú wọn náà ni."

Iyanrìn ló wà níbẹ̀. Alhaji ní, "Astagfirullah! Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ." Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára gíláàsì iwájú pé OMI TI WỌ̀ Ọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ àwọn yòókù wò."

Háà, ẹ ò bá rí wa! Ìyá mi fọwọ́ lé mi léjìká, a ń ti inú mọ́tò kan bọ́ sí òmíràn, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sì ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbé orí sókè bí ìyàwó ọba. Ó dé inú ọ̀kan tó dúdú, ó jókòó, kò dìde mọ́.

Ó ní, "Èyí gbẹ. Ọwọ́ ọkùnrin yìí sì ni kó o ti rà á. Kò bẹ̀rù kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

Títí dòní, tí ọjà tuntun bá dé, Alhaji á ránṣẹ́ pé ká jọ̀ọ́, ká bá òun gbé Màmá wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé mọ́tò dúdú tí a rà yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà ni kò lè kúrò lọ́kàn mi. Mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí, nítorí ọ̀rọ̀ òórùn ẹja ọjọ́sí."

Ó gbá mi lórúnkún. "Òórùn yẹn ló rán ẹ níwèé."

Mo tẹná mọ́tò wa, a sì dé Ìjẹ̀bú-Òde kí dókítà tó dé.