Ọkùnrin Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Mo rí fọ́tò àtijọ́ kan tí òyìnbó yà ní ilẹ̀ Bọ́mà láyé ìjọba amúnisìn: àwókù tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà, ọkùnrin kan dúró ti ògiri rẹ̀. Òórùn eérú tútù gba imú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi ní Trikania, àdúgbò wa níhà àríwá orílẹ̀-èdè wa, lẹ́yìn tí wọ́n dáná sun ilé wa, ayàwòrán kan dé.

"Baba, ẹ dúró ti ògiri yẹn."

Bàbá mi tún fìlà ṣe, ó nàró bí ọkọ ìyàwó. "Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?"

"A'a, Baba. Ẹ ṣáà dúró."

Mo rò pé bàbá mi ni wọ́n ń yà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìwọ̀n ni wọ́n fi í ṣe, kí aráyé lè mọ bí ògiri ti ga tó.

Orúkọ tẹ́ńpìlì wà lábẹ́ fọ́tò àtijọ́ náà. Mo wá orúkọ ọkùnrin náà títí, n kò rí i.